Ọ̀rọ̀ Tí Kì Í Ṣe Ẹnà

Yàrá kan la ń gbé ní Ìbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn òbí wa. Ògiri tó wà láàárín àwa àti àwọn ará yàrá kejì fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹnì kan bá sín lọ́hùn-ún, àwa níbí la máa ń kí i pẹ̀lẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ níbẹ̀ tí gbogbo ilé ò ní gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́ mi ní ẹnà.

Ẹni tó bá ti ṣeré pẹ̀lú ọmọdé rí mọ ohun tí mò ń sọ. A ó gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó wá máa ki "gá" tàbí "gé" tàbí "gó" bọ àárín rẹ̀, kí ẹni tí a kò fẹ́ kó gbọ́ má baà rí i mú. "Wá" á di "wágá." "Lọ sílé" á di "lọgọ sígílégé." Bí a bá ń pọnmi bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á máa sọ ọ́ lọ ràì, àwọn àgbà á máa pòṣé pé kí ni àwọn ọmọ yìí ń wí.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ mi lọ. Èyí tó wá burú jù ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú tàwọn ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ ilé kejì ní tiwọn tí wọ́n máa ń ki "sá" bọ̀ dípò "gá"; mo jókòó ti ògiri lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tú u. Àwọn ọmọbìnrin kan tó dàgbà jù wá lọ máa ń yí ọ̀rọ̀ tiwọn sẹ́yìn síwájú kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin; mo tú ìyẹn náà, mo sì lọ sọ fún ìyá wọn. Ìyá tèmi pè mí ní olófòófó. Mo gbà á bí oríkì. Látìgbà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ káàkiri pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n dì tí n kò lè tú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn. Òun ló kó mi sínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọmọbìnrin kan ni Ọlọ́run fún mi. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sókè Ọya, nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé èmi àti òun nìkan la jọ ń wà. Kó tó mọ ìwé kà dáadáa ni mo ti kọ́ ọ ní ẹnà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Igbó-Elérin, níbi tí mo ti ń ta kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ẹnà yìí sì wúlò fún wa níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ń fa aṣọ yìí fa tọ̀hún, tó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ lọ, mo lè sọ fún ọmọ mi pé "dúgúrógó," á sì mọ̀ pé kó má tíì gbà sí i lẹ́nu, nítorí ojú ẹni náà ò kúrò lára aṣọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo wa wọ sùtánà funfun, tí ìwàásù gùn, á súnmọ́ mi, á sọ ọ́ sí mi létí pé "egebigi ń paga mígí," èmi náà á dáhùn pé ebi ń pa èmi náà. A ó wá máa rẹ́rìn-ín sínú.

Àwọn òbí mìíràn máa ń ṣàròyé pé àwọn ọmọ àwọn kì í bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́ bí wọ́n bá ti dàgbà díẹ̀. Mo máa ń gbọ́, mo sì máa ń ṣojú fúrú, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn. Tèmi ń bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí mo ní tó tó ìyẹn, kò sì sí ohun tí mo fi ṣeré tó o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ti ilé ìwé dé láti Òkòkòmáíkò, ìyàwó sójà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, láti inú bárékè, oníbàárà mi ni. Ó ń yan kọ́tìnì fún pálọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi kí i dáadáa, ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀, ó wá bá mi lẹ́yìn káńtà. Ó ní:

"Mọ́gọ́mìgì, ẹ̀gẹ̀rùgù ń bàgà mígí."

Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, kò ṣeré. Mo sáré parí ọ̀rọ̀ kọ́tìnì, mo sì sin obìnrin náà jáde.

Ohun tó sọ fún mi rèé. Nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wọ inú gúrúùpù kíláàsì wọn lórí fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n pò pọ̀, ó ní ẹni tó bá gbóyà nínú wọn kó lọ wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ti ń fi ara wọn ṣẹ̀sín pé ojo ni ẹni tí kò bá wá a. Ọmọ mi ò wá a. Ó ti jáde kúrò nínú gúrúùpù náà kó tó délé.

"Tíṣà kọ̀ǹpútà wa ti kìlọ̀ fún wa rí," ó ní. "Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ibi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í pe nǹkan wọn lórúkọ, kí wọ́n má baà rí wọn mú. Ìnagijẹ ni wọ́n máa ń fún un. Wọ́n ní tí a bá rí irú ẹ̀, ká má tẹ̀ ẹ́, ká má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ká má sì sọ pé a fẹ́ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ká blọ́kì ẹni tó mú un wá, ká sọ fún àgbàlagbà tí a fọkàn tán."

Ó wá ń wò mí lójú. Èmi ni àgbàlagbà náà.

Mo ní kó fi hàn mí. Ó lọ́ra, ó sì ṣí fóònù rẹ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ lè máa rò pé mò ń fi yín ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i bí ẹ bá ti ń kà á lọ pé mo ti kọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kan rí, ẹ̀ẹ̀kan yẹn sì ti tó mi.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Èyí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ẹnà lásán ni."

"Mọ́mì, kì í ṣe ẹnà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

Mo gbà á níyànjú, mo sọ fún un pé ó ṣe dáadáa. Ìyẹn dá mi lójú pé mo sọ ọ́, mo sì máa ń rán ara mi létí rẹ̀, bí ẹni pé ó lè dín nǹkan kan kù. Ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù rẹ̀ lójú mi, ó sì lọ sí lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́.

Òun pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti wà lórí mi. Mo jókòó sáàárín bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ọ̀rọ̀ náà ń yún mi bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Mo yọ àwọn nọ́ńbà kúrò, mo ka ìyókù. Mo kà á láti ẹ̀yìn. Mo sọ àwọn nọ́ńbà di lẹ́tà. Mo gbìyànjú gbogbo ohun tí mo fi máa ń tú àwọn ọmọ ilé kejì ní Ìbá, kò tú. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ṣé ọmọdé kan níbì kan ló máa wá di ọ̀rọ̀ tí èmi ò ní lè tú? Mo sọ fún ara mi pé nítorí ọmọ mi ni. Mo ní ìyá gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń bẹ níwájú ọmọ rẹ̀. Irọ́ ni. Ojúkòkòrò olófòófó ni.

Mo mú fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ohun búburú. Ìkìlọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ohun tí mò ń wá yìí lè lòdì sófin, ó lè ṣèpalára fún èèyàn, bí mo bá sì nílò ìrànlọ́wọ́, kí n tẹ ibì kan báyìí. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń ro ó pé ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú èèyàn tí mo jẹ́ ni pé bí mo bá rí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, mo ti gbà pé oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ nínú ilé. Mo yí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, mo tún un tẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Mo ṣe é títí nǹkan kan fi ṣí. Ó bi mí bóyá mo gbà, mo tẹ "mo gbà," bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo nǹkan tí fóònù bá ti bi mí, láìkà á.

N kò ní sọ ohun tí mo rí. Mo mọ̀ pé ẹ̀dá Ọlọ́run kan ń jìyà nínú rẹ̀, àti pé wọ́n ń fi ìyà náà ṣe ọjà. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni ohun tí mo ṣe: n kò rántí bí wọ́n ṣe ń pa fóònù. Mo fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun kan kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, mo dà á bo fóònù náà, mo sì dúró tì í bí ẹni tó bo òkú. Nígbà tí mo wá fà á yọ láti abẹ́ aṣọ, àwòrán náà ti lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti wọ inú fóònù mi. Àwọn ìpolówó tó dọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ara wọn lórí rẹ̀. Bí mo bá pa ọ̀kan, méjì á jáde.

Ẹni tó gbọ́n á ti jókòó jẹ́ẹ́. Èmi ro ó pé mo ti rí ewu, ó sì tọ́ kí n kìlọ̀ fáráyé. Mo lọ sínú gúrúùpù àwọn òbí ilé ìwé wọn, mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ yín o! Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ yìí." Mo wá kọ ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀, odidi, lẹ́tà ńláńlá, kò sí nọ́ńbà tí mo fò.

Ọmọ mi ti lẹ́sìnnì dé, ó bá mi níbi tí mo ti ń ka àwọn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó wo fóònù náà láti ẹ̀yìn èjìká mi.

"Mọ́mì, ẹ kọ ọ́ jáde?"

"Kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì sá fún un ni."

"Ta ló máa mọ̀ ọ́n tí kò ní fẹ́ tẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀yin náà..."

Ó gé ọ̀rọ̀ náà kù. Ìpolówó kan ti já lulẹ̀ lójú fóònù, ó sì rí i. Mo ní, "Èmi náà kí ni?" Mo gbé ohùn sókè sí i bí a ṣe máa ń ṣe sí ọmọ tó bá rí wa mú.

"Kò sí nǹkan, mà."

Ó bá mi pa ohun tí mo kọ rẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Ẹyin lohùn. Ìyá kan ti dáhùn pé, "Mo tẹ̀ ẹ́ o, ṣùgbọ́n kò yé mi." Bàbá kan ti ní òun ti gbé e lọ sí gúrúùpù ṣọ́ọ̀ṣì àwọn kí àwọn yẹn náà lè ṣọ́ra. Ohun tí ọmọdé kan dá dúró lọ́wọ́ ara rẹ̀, èmi àgbà ni mo bá elérò burúkú gbé e dé ilé onílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò bẹ̀ mí níṣẹ́.

Alága àwọn òbí wá béèrè lójú gbogbo wa pé, "Ìyá wa, níbo lẹ ti rí nǹkan yìí?"

Mo ronú díẹ̀. Mo kọ ọ́ pé, "Lórí fóònù ọmọ mi."

Ẹ wò ó, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi lọ síwájú adájọ́, gbólóhùn náà á gbà mí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n máa gbọ́ nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pe ọmọ mi sí ọ́fíìsì nílé ìwé. Kò sọ fún mi. Lẹ́nu ìyàwó sójà yẹn ni mo ti gbọ́, nígbà tó padà wá ra ìyókù kọ́tìnì rẹ̀. Ọmọ tirẹ̀ náà wà nílé ìwé ọ̀hún. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń lọ wò. Àdúrà la ó máa gbà fún wọn." Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni." Mo sì wọn kọ́tìnì fún un.

Fóònù náà ò ṣe é lò mọ́. Ọjọ́ tí ìpolówó ẹlẹ́gbin já jáde lójú wòlíì wa tí mo fẹ́ fi fọ́tò hàn ni mo mọ̀ pé kò sí ohun tó kù bí kò ṣe ọjà Àlàbá, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. A lọ ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti ọmọ mi. Òun ló gbé báàgì. Ẹni tí wọ́n júwe fún wa láti bá wa tún un ṣe jẹ́ ọkùnrin ọmọ Ígbò kan, tó jókòó sídìí tábìlì kékeré láàárín àwọn tó ń ta sípíkà, tí orin tiwọn ń lù kùkùkù. Ó mú fóònù náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó wá dúró. Ó fi ìka fà á sókè díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

Gbogbo ohun tí mo wá ni fóònù náà tò sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí mo bí fún un.

Ó dín ohùn rẹ̀ kù, ọmọlúàbí ni. Ó ní, "Mummy, who dey find this kain thing? Nǹkan yìí ò dáa o. Police fit carry person."

Ojú rẹ̀ wà lára mi. Ojú àwọn tó ń ta sípíkà wà lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ nísinsìnyí pé wọn ò wò mí rárá. Mo rí ara mi nínú aṣọ tí mo wọ̀, àti gèlè tí mo wé, obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu mi là.

Mo ní, "Ọmọ yìí ni."

Mo tilẹ̀ fi ẹnu tọ́ka sí i.

Kò pariwo. Kò sunkún. Ó súnmọ́ mi, bó ṣe máa ń súnmọ́ mi bí ìwàásù bá gùn, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́ sí mi létí:

"Mọ́gọ́mìgì, ègèmigi kọ́gọ́."

Mọ́mì, èmi kọ́. Ọmọ tí mo ń dójú tì lójú ọjà kò fẹ́ dójú tì mí. Ó lè sọ ọ́ ní Yorùbá kí ọkùnrin náà gbọ́. Ó lè sọ ọ́ ní Òyìnbó. Ẹnà ló fi sọ ọ́, kó lè jẹ́ àárín èmi àti òun, kí n lè rí ààyè dá ọ̀rọ̀ náà padà fúnra mi. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì dúró.

Mo ní, "Dákẹ́ ẹnu ẹ níbẹ̀."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ò kú, n kò sì gba ẹ̀sín. Ọmọ mi ni mo gbé e rù.

Ọkùnrin náà wá yíjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níyànjú. Kò bú u. Ó ní òun náà ní àbúrò obìnrin. Ó ní bí èèyàn bá rí ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní kó lọ wá a, kó fi í sílẹ̀, ìdẹ ni. Kó sọ fún màmá rẹ̀. "You hear? Tell your mama." Ọmọ mi kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ Àlàbá, láàárín wáyà àti páálí, ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ó dúpẹ́ fún ìmọ̀ràn tó ti tẹ̀ lé kí ẹnikẹ́ni tó fún un. Mo dúró síbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ọkùnrin náà yọ ohun tó wọ inú fóònù náà kúrò, ó ní kí n lọ yí gbogbo pásíwọ́ọ̀dù mi padà. A wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Igbó-Elérin. Ọmọ mi bá mi di báàgì náà mú gírígírí kí wọ́n má baà já a gbà. Kò bínú sí mi lójú. Ó dáná, ó gbé oúnjẹ fún mi, ó kúnlẹ̀ gbé e kalẹ̀. Kò sí ohun tí mo lè fi bá a wí.

Ṣùgbọ́n ẹnà tán. Bí mo bá ní "dúgúrógó" ní ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ó dáa, mà," lójú oníbàárà, oníbàárà á sì mọ̀ pé a sọ nǹkan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó, á tẹ́tí sí ìwàásù dé òpin. Ebi ò pa á mọ́ tàbí kó jẹ́ pé èmi kọ́ ló ń sọ ọ́ fún. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ju ohunkóhun lọ ni pé bí nọ́ńbà mìíràn bá tún wọlé lọ́la, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn, ta ló máa wá fi hàn? Tíṣà wọn ní kó wá àgbàlagbà tó fọkàn tán. Ó ti wá ọ̀kan.

Mo tún ro ọ̀rọ̀ ẹnà yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sọ ẹnà sí ọ ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó mọ̀ ọ́, o mọ̀ ọ́n, ẹ jọ pọn omi rí. Èyí tí wọ́n jù sínú gúrúùpù àwọn ọmọ wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jù ú síbẹ̀ ò mọ ẹnikẹ́ni, kò sì fẹ́ kó yé ẹnikẹ́ni. Ohun tó fẹ́ ni kí ọwọ́ wa máa yún wa. Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì sọ ọ́ fún mi ní gbólóhùn kan: kì í ṣe ẹnà o.

Nígbà tí n kò lè fara dà á mọ́, mo bá a ní ìdáná níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ará ilé wà lójúde, Ẹ̀gùn kan àti ìyàwó rẹ̀ tó gbọ́ Yorùbá ju èmi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí kí wọ́n má lọ gbọ́ pé ìyá ń bẹ ọmọ. Mo dín ohùn kù, mo ní:

"Mágá bígínúgú. Mogo jẹ̀gẹ̀bigi."

Má bínú. Mo jẹ̀bi.

Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ó mú òkúta kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbé ojú sókè, kò sì gbé ohùn sókè. Ní Yorùbá ló dáhùn.

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin nìkan la gbọ́ ìyẹn."

Mo bá a ṣa ẹ̀wà náà tán.

Mo padà sí Àlàbá lẹ́yìn ìyẹn, èmi nìkan. Ẹlòmíràn ti jókòó sídìí tábìlì ọkùnrin yẹn, wọ́n ní ó ti lọ sílé lọ ṣe nǹkan kan, wọn ò sì mọ ìgbà tó máa dé. Ibikíbi tó bá wà, ọmọbìnrin kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó ń wá ohun ìríra kiri, ọmọbìnrin náà ò sì sí. Nínú gúrúùpù àwọn òbí, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òtítọ́ náà ní ìgbà púpọ̀. Bí mo bá ti dé ibi tí wọ́n ti máa mọ̀, mo máa ń pa á rẹ́. Ọmọ mi ń wò mí nígbà mìíràn bí mo ṣe ń kọ ọ́ tí mo ń pa á rẹ́.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, tí n kò fi pa á rẹ́. N kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbẹ̀, nítorí àwa tó ń kìlọ̀ la máa ń gbé e kiri jù. Àwọn òbí yẹn máa kà á, wọ́n sì máa mọ̀ mí. Ìyàwó sójà máa kà á. Wòlíì wa náà máa kà á. Kò sí "gá" kankan láàárín rẹ̀. Èmi ni mo tẹ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mi kọ́.